Wọ́n Ní Ìdí La Ń Nù

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbólóhùn kan ti há mi lọ́rùn bí egungun ẹja. Kì í ṣe gbólóhùn tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ará ilé tó ń ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú aláìsàn àti arúgbó, nílùú òyìnbó ti gbọ́ ọ rí, níbi ìnáwó, lórí fóònù, tàbí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe bí ẹni ń ṣàwàdà: “Ṣebí ìdí ló lọ ń nù fún wọn lọ́hùn-ún.” Wọn á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí náà á rẹ́rìn-ín, á ní ṣebí owó ibẹ̀ náà lẹ ń bá òun ná, ọ̀rọ̀ á sì kọjá.

Ohun tó jẹ́ kó há mi lọ́rùn ni pé òótọ́ ni. Ìdí la ń nù. N kò ní sọ pé iṣẹ́ náà ju ìdí nínù lọ, bí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ṣe máa ń sọ, tí wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan mìíràn tó gbayì sílẹ̀. Ìdí nínù gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ mú ẹyọ kan ṣoṣo, ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ní Britain, níbi tí wọ́n ti ń pe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní HCA, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní CNA. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ aago ṣe ń tú aago. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún lọ.

## Kí ọwọ́ tó kan ara

Aago méjì òru. Aláìsàn náà wọn kílò 80. Láàárọ̀ àná ni wọ́n fi ayùn la egungun àárín àyà rẹ̀, tí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ọkàn, tí wọ́n sì fi wáyà irin so egungun náà pọ̀ padà. Kò ní jinná dáadáa títí di ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Rọ́bà ìmí wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ọrùn rẹ̀ ni àwọn oògùn tó le jù ń gbà wọlé. Ní ọrùn ọwọ́, rọ́bà tín-ín-rín kan wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún mọ́nítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi í hàn lójú gíláàsì, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Rọ́bà méjì tàbí mẹ́ta yọ lábẹ́ àyà, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi sínú ike kan nílẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n so mọ́ ara ọkàn gan-an, tí orí rẹ̀ yọ síta lára awọ, kí ẹ̀rọ kékeré kan lè máa ta ọkàn náà jí bó bá fẹ́ lọ́ra jù. Ojú ọgbẹ́ gígùn wà lẹ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti yọ iṣan tí wọ́n fi tún ti ọkàn ṣe. Rọ́bà ìtọ̀ wà nísàlẹ̀.

Ó sì ti yàgbẹ́.

Kò ṣeé fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ìgbẹ́ tó bá pẹ́ lára awọ a máa jẹ ẹ́, ibi tí rọ́bà ìtọ̀ gbà wọlé kò jìnnà síbẹ̀, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni. Nọ́ọ̀sì tó ni aláìsàn náà lọ́wọ́ ni yóò sọ bóyá àsìkò ti tó. Ó ń wo ìfúnpá àárín, ìyẹn ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó tó 65 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún oògùn tó ń gbé ìfúnpá ró ni, yóò ní ká ní sùúrù díẹ̀. Yóò fún un ní oògùn ìrora ná, a óò sì dúró kó ràn. Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù máa ń dá oúnjẹ tó ń gba imú wọlé dúró kí wọ́n tó tẹ́ ibùsùn sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi bàlúùnù kékeré kan tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ gba itan wọ inú iṣan ńlá, ẹsẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ ká rárá, orí ibùsùn kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ. Bó bá jẹ́ pé ECMO, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ síta, tó ń fi ọ́síjìn sí i, tó sì ń dá a padà sínú ara, ló ń ṣe iṣẹ́ ọkàn, HCA kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn pàápàá láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà ti di rọ́bà rẹ̀ mú. Lítà mẹ́rin, márùn-ún ẹ̀jẹ̀ lè máa gba inú rọ́bà yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá yọ, kò sí ẹni tí yóò ráyè sọ pé òun kò mọ̀.

Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló kàn. Oògùn oorun kò di etí pátápátá. A óò sọ orúkọ rẹ̀, a óò sọ ibi tí a fẹ́ yí i sí, a óò sọ pé a fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fo ìpele yìí torí pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ẹ wo mọ́nítọ̀ nígbà tí ọwọ́ tútù bá bọ́ sára ẹni tí a kò kìlọ̀ fún, ẹ ó rí ìdáhùn.

## Ọwọ́ mẹ́jọ

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbí, àyà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ló wà níwájú wa, síbẹ̀ àgbájọ ọwọ́ náà la fi ń yí i. Èèyàn mẹ́rin ló dáa. Nọ́ọ̀sì dúró sí orí, ó di rọ́bà ìmí mú níbi ètè, òun ló sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí aláìsàn máa kọjú sí. Ẹni kẹrin wà lẹ́yìn: òun ló ń nù, òun náà ló ń wò. HCA ló sábà máa ń jẹ́ ẹni kẹrin yìí.

Kí wọ́n tó kà á, ọ̀nà gbogbo rọ́bà gbọ́dọ̀ ti là. Èyí tó bá wọ ara lókè ìbàdí, apá orí la ó kó o gbà. Èyí tó bá wọ ara nísàlẹ̀ ìbàdí, apá ẹsẹ̀. Ike ẹ̀jẹ̀ àyà nìkan ni kò gba òfin yìí gbọ́: ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àyà lọ nígbà gbogbo, kó dúró ṣánṣán, kí rọ́bà rẹ̀ má lọ́, kí aláìsàn má sì sùn lé e. A óò fa itọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò ná, torí bí ibùsùn bá tẹ́, itọ́ tó ti gbá jọ yóò wá ọ̀nà ọ̀fun lọ. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rọ ìmí wà la óò kọ́kọ́ yí i sí, kí rọ́bà lè rọ̀. Bí a bá yí i kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà láìfa rọ́bà sílẹ̀ tó, ohun tó máa já kò ní jẹ́ ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tuntun ni kó di apá aláìsàn mú kó fà á. Ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ, kì í ṣe ara ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀. Egungun àyà yẹn ti di méjì. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Bí a bá fa apá kan, ìlàjì kan la fà. Wáyà náà lè máa ya inú egungun lọ díẹ̀díẹ̀ bí òwú ṣe ń gé ẹ̀kọ, pàápàá lára àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti fúyẹ́ tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Nítorí náà ọwọ́ kan lẹ́yìn èjìká, ọwọ́ kejì ní bàràdí, aṣọ tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ara yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi. Apá aláìsàn méjèèjì á ká sórí àyà. Bó bá jí, ìrọ̀rí la óò fún un gbá mọ́ra, òun náà ni yóò gbá mọ́ra nígbà tó bá ń wúkọ́. Bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ bá gbọ́ tàbí tó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń ta kò-kò-kò nínú àyà nígbà tó ń yí, kó dúró kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ di ìròyìn àárọ̀.

## Ẹ̀jẹ̀ tó dà, ẹ̀jẹ̀ tó dákẹ́

Bó ti ń yí, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbá jọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú àyà lè rí ọ̀nà lójijì kó dà sínú ike, mìlílítà 50, 100, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù á ba ẹni tí kò rí i rí. Ohun tí ẹni kẹrin gbọ́dọ̀ rí ni àwọ̀ rẹ̀ àti bóyá ó dáwọ́ dúró. Bó bá dúdú díẹ̀, tó dà tán tó sì dúró, ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni. Bó bá pọ́n fòò, tó gbóná lára rọ́bà, tí kò dúró, ẹ̀jẹ̀ tuntun nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, bó bá ti tó mìlílítà 200 ní wákàtí kan, wọn kì í dúró kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ abẹ.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni ìkejì rẹ̀. Ike tó ń gba mìlílítà 80 ní wákàtí kan, tó wá dákẹ́ lójijì, dà bí ìròyìn ayọ̀. Ó lè jẹ́ ayọ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí rọ́bà, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbá jọ yí ọkàn ká, tó ń fún un mọ́lẹ̀ kó má lè kún. Ìfúnpá á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ìtọ̀ á dín kù, ara á tutù. Fún ẹni kílò 80, a ń retí ìtọ̀ tó tó mìlílítà 40 ní wákàtí kan, ó kéré tán. HCA tó kọ “0” sí ojú ẹ̀jẹ̀ àyà, tó tún kọ 15 sí ojú ìtọ̀, tó sì jókòó, ti rí nǹkan méjì tí kò so pọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ orúkọ àìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dìde lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé méjèèjì ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan náà.

## Ìpàkọ́ onípàkọ́

Gbogbo ohun tí mọ́nítọ̀ ń wò, iwájú ló ń wò. Dókítà tó bá yà sí ibùsùn, iwájú ló ń bá sọ̀rọ̀, iwájú ló ń gbọ́ àyà rẹ̀. Ẹ̀yìn aláìsàn, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìgbà tí a bá yí i nìkan lojú ń kàn án. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ẹni kẹrin ni ẹlẹ́ni yẹn, ó sì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30.

Kí ló ń wò? Egungun òkè ìdí, bàràdí, gìgísẹ̀, ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn orí. Ó ń wo ẹ̀yìn etí níbi tí okùn rọ́bà ìmí ti gbà, àti igun ẹnu. Ó ń wo abẹ́ ara bóyá ọmọrí abẹ́rẹ́ kan tàbí wáyà ECG kan, èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ti sùn síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́. Aláìsàn ọkàn yára ní egbò ìdùbúlẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kí ó tó dé wọ́ọ̀dù, ó ti sùn sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láìmira. Oògùn noradrenaline tó sì ń gbé ìfúnpá rẹ̀ ró, ẹ̀jẹ̀ awọ ló ń yá lò: ó ń fún iṣan awọ pọ̀ kí ọpọlọ àti kíndìnrín lè rí tiwọn. Awọ ló ń sanwó.

Wọ́n kọ́ gbogbo wa pé ká tẹ ibi tó pọ́n fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bó bá funfun tó sì tún pọ́n padà, kò tíì bàjẹ́. Bó bá pọ́n kalẹ̀ láìfunfun, egbò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́. Ẹ̀kọ́ tó dáa, fún awọ òyìnbó. Awọ wa kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Lára awọ dúdú, ibi tó ń bàjẹ́ lè dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, kó ní àwọ̀ elésè-àlùkò, kó máa dán. Nígbà mìíràn ojú kò ní rí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n: ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ tàbí ó tutù jù ú lọ, ó le, tàbí ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, kì í ṣe iná òkè orí. Ẹ fi wé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má fọwọ́ ra á. Ibi tó ti ń kú lábẹ́ kò nílò ìfọwọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò dùn ún gbọ́ ní yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ọmọ Yorùbá tó dàgbà láàárín awọ dúdú mọ ohun tí ìwé náà kò kọ. Ó mọ bí ara ìyá àgbà ṣe ń rí nígbà tó yá àti nígbà tí kò yá. Bó bá rí nǹkan tó sì dákẹ́ torí pé HCA lásán ni òun, ilé ìwòsàn náà ti pàdánù ojú kan tí owó kò lè rà.

Bákan náà ni ohun tí a ń há mọ́ ìka láti ka ọ́síjìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde láti Amẹ́ríkà. Nínú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ìka sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92% sí 96%, nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, nǹkan bí 12 nínú 100 ìgbà ló jẹ́ pé ti aláwọ̀ dúdú kò tó 88% rárá. Ti aláwọ̀ funfun kò tó 4 nínú 100. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ń sọ 94 tí àgbàlagbà tiwa-n-tiwa sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè àti ahọ́n rẹ̀ ni ká wò, ká sì sọ fún nọ́ọ̀sì kó fa ẹ̀jẹ̀ wò. Ìka tó tutù náà máa ń parọ́. Etí sàn jù ú lọ.

## Ohun tó wà lára aṣọ ìnudí

Mo ti dé ibi tí gbólóhùn ọjọ́ yẹn fẹ́ kí n dé.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ń gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Aspirin wà níbẹ̀, heparin sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn kan ń gba clopidogrel kún un. Ara tó wà nínú wàhálà, tí ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, lè ní egbò nínú ikùn. Bí egbò yẹn bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní yọ síta bí ẹ̀jẹ̀. Ó máa gba inú ìfun kọjá, á yí padà, á wá jáde ní dúdú bí ọ̀dà, yóò máa lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì mú mọ́ láéláé. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú wọ́ọ̀dù yẹn, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, tó máa kígbe pé ìgbẹ́ dúdú. Mọ́nítọ̀ yóò mọ̀ nígbà tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ìfúnpá já. Ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti lọ.

Ẹni tó ń nu ìdí ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn, torí àṣìṣe wọ́pọ̀ níbẹ̀. Oògùn irin náà máa ń mú ìgbẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ bí ọ̀dà, kì í sì í ní òórùn yẹn. Bí a bá tẹ́ ẹ lórí aṣọ ìnudí funfun, ó sábà máa ń fara hàn bí àwọ̀ ewé tó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára ìgbẹ́ lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì lè jẹ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe HCA ló máa pinnu. Ó máa pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó kí a tó ká a dànù. Ẹni tó nu ìdí náà mọ́ tónítóní, tó ju aṣọ ìnudí sínú àpò, tó wá kọ “ó yàgbẹ́, púpọ̀” sínú ìwé, ti ju ẹ̀rí dànù. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú wọ́ọ̀dù yìí, iṣẹ́ ni àìgbàgbé yẹn: àwọ̀, ìwọ̀n, bó ṣe le tàbí bó ṣe rọ̀, aago.

Nínù fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà. Iwájú sí ẹ̀yìn, láti rọ́bà ìtọ̀ lọ sí ìdí, kì í ṣe ìpadà. Ìpara tó ń dáàbò bo awọ, fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn, ìdọ̀tí á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Páàdì kan ṣoṣo lábẹ́ aláìsàn. Mo ti rí i ní ibi púpọ̀ tí wọ́n ń to páàdì mẹ́ta léra wọn kí òru lè rọrùn, láìrántí pé mátírẹ́ẹ̀sì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn lábẹ́ awọ ni ibùsùn yẹn ní, páàdì mẹ́ta sì ti sọ ọ́ di pákó.

## Ibi tí wọ́n fa ìlà sí

Ní NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, Band ni wọ́n ń pe ìpele owó iṣẹ́. Ìwé tó ń pín ipò iṣẹ́ fi ìtọ́jú ara, ìyẹn wíwẹ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ àti oúnjẹ, sí Band 2. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀jẹ̀, tó ń ya ECG, tó ń wọn ìfúnpá, Band 3 ni tirẹ̀. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2021 kí ìlà yẹn lè hàn kedere, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON sì ti bá ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fa ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn HCA tó ti ń ṣe iṣẹ́ Band 3 tipẹ́ lórí owó Band 2. Ìjà tó tọ́ ni, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fa ìlà náà sí fúnra rẹ̀ ni kò yé mi. Ẹ̀rọ ìfúnpá ń fẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń kà fúnra rẹ̀. Ohun tó gba òye níbẹ̀ kò ju kí ìgbànú rẹ̀ bá apá mu lọ, torí èyí tó kéré jù máa ń ka ìfúnpá ga ju bó ṣe wà. Mímọ ìgbẹ́ ọ̀dà yàtọ̀ sí ìgbẹ́ irin ní aago méjì òru, lára ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, èwo ni Band tirẹ̀?

Ìlú òyìnbó náà ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá nu ìdí. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, agbẹjọ́rò Robert Francis gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilé ìwòsàn Mid Staffordshire jáde. Lára ohun tó mì gbogbo Britain nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ọwọ́ tó yẹ kó kan ara ni kò kàn án. Ọdún náà gan-an ni ìwádìí mìíràn, ti akọ̀ròyìn Camilla Cavendish, ní kí wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ kan náà fún gbogbo olùrànlọ́wọ́, òun ló bí Care Certificate tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí CNA ilé àwọn arúgbó kọ́ṣẹ́ fún wákàtí 75 ó kéré tán. Ó kéré lójú mi, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹnì kan gbà pé iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

Èyí tí ẹ̀kọ́ wọn kò lè ní ni èdè. Nínú wọ́ọ̀dù kan ní London, bí màmá kan bá ń sọ pé “àyà mi ń já”, ẹ̀rù ló lè máa bà á, ọkàn rẹ̀ sì lè máa sáré lóòótọ́. “Èémí mi ò délẹ̀” àti “òòyì ń kọ́ mi” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí HCA bá gbọ́ Yorùbá, kó tún ọ̀rọ̀ màmá sọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, láìfi tirẹ̀ kún un. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìwé fífọwọ́sí fún iṣẹ́ abẹ, ògbufọ̀ tí ilé ìwòsàn gbà ló yẹ kó wá. Màmá náà sì máa ń tijú. Ẹni tó tó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ nu ìdí rẹ̀. “Ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ ká yí yín sí ọ̀tún díẹ̀,” kí aṣọ sì bo ohun tí a kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kò pọn dandan, ohùn ti tó.

## Kí a tó kúrò nídìí ibùsùn

A ti nù ún tán. A ti yí i padà, a fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 30, kì í ṣe 90 tí yóò fi gbogbo ìwúwo lé egungun bàràdí. Ìrọ̀rí kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun, kí gìgísẹ̀ lè wà ní òfurufú. Orí ibùsùn ti padà sókè.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n sì ń lọ, níbí náà ni ewu kan tó kù wà. Nǹkan kékeré kan wà lórí òpó irin tó ń túmọ̀ ìfúnpá fún mọ́nítọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ọkàn dọ́gba, ní àlàfo ìhà kẹrin, ní àárín ẹ̀gbẹ́ àyà. A gbé ibùsùn sókè kí ẹ̀yìn wa má baà dùn wá. Bí a bá gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọkàn ti ga ju nǹkan náà lọ. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré, mọ́nítọ̀ á ka ìfúnpá ní nǹkan bí 7 mmHg ju bó ṣe wà lọ. Ìfúnpá tó jẹ́ 60 á máa pe ara rẹ̀ ní 67. Nọ́ọ̀sì tó bá gba mọ́nítọ̀ gbọ́ yóò dín oògùn kù fún ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Nítorí náà, ibùsùn padà sí gíga rẹ̀, nọ́ọ̀sì tún un gbé sí dọ́gba-dọ́gba, a sì dúró wò ó. Ìfúnpá àti ọ́síjìn máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn yíyí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ó yẹ kí wọ́n padà. Bí wọn kò bá padà, a óò dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mọ́nítọ̀ bá ya ìlà gbágungbàgun nígbà tí a ń nù ún lára tàbí tí a ń fọ eyín rẹ̀, tó ní ọkàn ti dàrú, ẹ wo ìlà ìfúnpá nísàlẹ̀ rẹ̀: bó bá ń lọ déédéé, gbígbọ̀n wáyà lásán ló lè jẹ́. Nọ́ọ̀sì ló máa pa áláàmù náà, kì í ṣe HCA.

Lẹ́yìn náà, ìwé. Kì í ṣe “a yí i ní wákàtí méjì-méjì” tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ òru. Ohun tí ojú rí ni:

02:10. A yí i sí òsì, èèyàn mẹ́rin. Ìgbẹ́: dúdú, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ le, ìwọ̀n àárín. Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ti pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ àyà: mìlílítà 60 dà nígbà tí a yí i, dúdú, ó dúró. Òkè ìdí: awọ kò bó, ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó le díẹ̀, ó tó owó ẹyọ kan. Gìgísẹ̀ méjèèjì dáa. Yíyí tó kàn: 04:10, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀.